Wàrà Tí Kò Lọ́ràá

Wàrà náà ṣàn bí omi ìfọṣọ. Ilé iṣẹ́ tó ń rà á dá a padà, ni ìyá tó ni ọgbà màálù bá fọwọ́ ara rẹ̀ fa àbíkẹ́yìn rẹ̀ lé ọlọ́pàá lọ́wọ́. Ọmọ náà ló ń fún wàrà; wọ́n ní ó ń bomi là á.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Ìpẹ́kítọ̀ ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní Tọ́-ọ-wò kò fẹ́ kí wọ́n pe òun ní òṣìkà. Ó lọ sí ọgbà náà, ó jókòó sídìí màálù, ó fún wàrà fúnra rẹ̀, ó tọ́ ọ wò. Kò sọ́ràá níbẹ̀.

"Ta ló wá bomi sínú ọmú?" ó bi ara rẹ̀.

Ó ki ọwọ́ bọ ọpọ́n oúnjẹ àwọn màálù. Òróró ló kún ọwọ́ rẹ̀. Kò rí ẹ̀pà lílọ̀ tí wọ́n fi ń bọ́ màálù níbẹ̀ rárá. Màálù kan wà lọ́tọ̀ ní igun, koríko gbígbẹ àti ẹ̀pà lílọ̀ ló ń jẹ. Wàrà tirẹ̀ ki dáadáa.

"Ta ló ni èyí?"

"Ti ilé àkọ́bí mi ni," ni ìyá fèsì. "Ọmọ rẹ̀ ló ń mu wàrà yẹn."

Àkọ́bí ló ń bọ́ àwọn màálù. Ojú rẹ̀ dá wáí. "Ọ̀gá, èmi ni mo da òróró sí i. Ohun téèyàn bá gbìn ló ń ká. Ẹni tó ń wá ọ̀rá, kí ni kó fi bọ́ màálù?"

"O mọ̀rọ̀ sọ o! Koríko tó bá dà nínú ikùn màálù ló ń di ọ̀rá wàrà. Òróró àpọ̀jù kì í jẹ́ kó dà. O tún yọ ẹ̀pà tó ń mú wàrà pọ̀ kúrò. Ǹ bá pè é ní àìmọ̀. Kí ló dé tí o ò da òróró sí ti màálù ọmọ tìẹ?"

Ọkùnrin náà yíjú kúrò lọ́dọ̀ ìpẹ́kítọ̀. Ìyá rẹ̀ ló kọjú sí.

"Àbúrò mi lẹ fẹ́ fi ọgbà yìí lé lọ́wọ́! Èmi tí mo ń kó ìgbẹ́ màálù láti kékeré ńkọ́?"

Ẹ gbà mí o! Ọmọ ìyá kan náà!

Ìyá sáré lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. "Ọmọ mi, dákun, irọ́ ni wọ́n pa fún mi."

Ọlọ́pàá ṣílẹ̀kùn fún àbíkẹ́yìn, ó jáde. "Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ bi mí léèrè." Ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, kò sì forí lé ọ̀nà ọgbà.

Nírọ̀lẹ́, ọmú àwọn màálù wú, wọ́n ń ké. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sídìí wọn, ó ń fún wàrà, ó ń sunkún. Ọwọ́ àbíkẹ́yìn ló mọ́ wọn lára; wàrà ò jáde fún un.