Ọkọ̀ Tí A Súre Fún Kí A Tó Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Ní àárọ̀ Sátidé kan ní Atakpamé, Eugène tó jẹ́ olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun, ó nu bàtà rẹ̀ títí ó fi ń dán. Ìyàwó rẹ̀, Léonie, wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bàbá Christelle, ṣé ọkọ̀ lẹ fẹ́ lọ rà ni, àbí ẹ fẹ́ lọ tọrọ ìyàwó?"

"Ìkan náà ni méjèèjì," ni Eugène dá a lóhùn. "Kò sí èyí tí kì í náni lówó."

Kì í ṣe fáàrí ni wọ́n fẹ́ fi ọkọ̀ ṣe. Christelle, ọmọbìnrin wọn ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ní àìsàn inú ẹ̀jẹ̀ tó máa ń mú kí eegun ro ó gógó. Bí ó bá ti dé sí i, orí zẹ́mì, alùpùpù tó ń gbé èrò, ni ìyá rẹ̀ ń gbá a mọ́ra sí lọ sí ọsibítù, lórí àwọn òkè Atakpamé tí kò ṣàánú ẹnikẹ́ni. Ọdún mẹ́fà ni tọkọtaya yìí fi dá àjọ. Owó náà kò tó ra ọkọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti èbúté Lomé dé, ṣùgbọ́n ó tó ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn mẹ́rin tí ẹlòmíràn ti lò, tí ọmọ lè na ẹsẹ̀ sí lẹ́yìn.

Ẹni mẹ́rin ló wọ takisí lọ wo ọkọ̀ kan ní Notsé: tọkọtaya náà, Gaël mẹkaníìkì tó jẹ́ ọ̀rẹ́ Eugène, àti baba Eugène, Bàbá Ògúnyínká, alágbẹ̀dẹ tó ti abúlé rẹ̀ lẹ́bàá Moretan wá. Eugène ń lọ sí ìjọ Kátólíìkì, ṣùgbọ́n irin ńlá kan kì í wọ ilé wọn kí Bàbá má ta ọtí sí i. Èèwọ̀ kan sì wà nídìí rẹ̀: irin tí a bá ti súre fún, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdáa mọ́.

Gérard tó ń ta ọkọ̀ náà gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀. Ó ti fọ ọkọ̀ títí dé inú ẹ́ńjìnnì. Eugène wọlé jókòó, ó ń tẹ rédíò, ó ń fọwọ́ pa ìjókòó. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá, ṣùgbọ́n ohun tí olùkọ́ wa ń ṣe gan-an nìyẹn.

Léonie ní tirẹ̀, aránṣọ ni, kì í gé aṣọ láì yí inú rẹ̀ síta wò. Ó gbé ọwọ́ lé ìdérí ẹ́ńjìnnì.

"Mùsíọ̀ Gérard, ó gbóná o. Ṣé ẹ ti gbé e jáde láàárọ̀ yìí ni?"

"Rárá o, màdáámù. Mo kàn ní kó jí díẹ̀ kí ẹ tó dé ni."

"Tí ẹ kò bá jí i ńkọ́? Báwo ló ṣe máa ń ṣe?"

Gérard rẹ́rìn-ín. Ó yára wọlé, ó gbé ìgò sódàbí, ọtí ògógóró, àti ife jáde, ó sì kúnlẹ̀ níwájú Bàbá.

"Bàbá, Moretan ni wọ́n ti bí ìyá mi. Mo mọ àṣà yín. Ẹ dákun, ẹ súre fún un, kí oòrùn tó mú yín."

Gaël ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti wo abẹ́ ọkọ̀ ni. "Bàbá, ẹ fún mi ní ìdajì wákàtí péré," ló ní. Ṣùgbọ́n ọ̀wọ̀ máa ń dùn mọ́ àgbà. Bàbá ti dìde. Ó ta sódàbí sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó súre fún ọmọ, ó súre fún ọ̀nà.

Gaël ṣí ibi tí wọ́n ń da ọ́ìlì sí. Ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. "Eugène, wá wo nǹkan..."

"Ó tó!" Bàbá na ọwọ́ sí i. "A ti ta ọtí."

Gaël wo Eugène. Eugène wo ilẹ̀. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun bèèrè, ṣùgbọ́n ojú baba rẹ̀ ń tì í. Bí wọ́n ṣe rà á nìyẹn.

Ní ọjọ́ kọkànlá, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, eegun bẹ̀rẹ̀ sí í ro Christelle. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀. Wọn kò tí ì gun òkè ọsibítù dé ìdajì nígbà tí èéfín funfun bo ojú ọ̀nà, ẹ́ńjìnnì sì kú. Eugène da omi sí i, omi ń hó yaa. Ó tún tan án, kò jẹ́. Ọmọ ń ké. Léonie pọ̀n ọn, ó ń fẹsẹ̀ gun òkè, ó ń sunkún, kí zẹ́mì kan tó ṣàánú wọn. Wákàtí kan gbáko ṣòfò.

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Christelle lò lórí bẹ́ẹ̀dì. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Dókítà sọ fún wọn pé díẹ̀ ló kù kí wọ́n pàdánù rẹ̀.

Eugène padà sí Notsé. Ìwé tí Eugène fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó rà á ni Gérard fi hàn án: ó ti rí ọkọ̀, ó sì ti gbà á bẹ́ẹ̀. Ó padà wálé lọ́wọ́ òfo.

Lọ́jọ́ tí Gaël wá kí aláìsàn, Léonie mú un jókòó lábẹ́ igi ní àgbàlá ọsibítù, níbi tí Eugène àti Bàbá wà.

"Kí lo rí lọ́jọ́ náà?"

"Ọ́ìlì tó funfun bí ògì. Omi ti wọnú ọ́ìlì."

"Báwo ni ẹni tí kì í ṣe mẹkaníìkì ṣe lè mọ̀?"

"Ẹ lọ láàárọ̀ kùtù, nígbà tí ẹ́ńjìnnì tutù. Tó bá gbóná, ẹ padà sílé, ẹ ní ọ̀la lẹ ó wá, nítorí ooru ló ń bo àìsàn ẹ́ńjìnnì mọ́lẹ̀. Nígbà tó ṣì tutù, ẹ wo omi radíátọ̀ bóyá ọ́ìlì léfòó nínú rẹ̀. Ẹ tan án, kí ẹ dúró sẹ́yìn rẹ̀ wo èéfín. Tó bá ń tú funfun tí kò dáwọ́ dúró, ẹ máa lọ ilé yín."

"Tí kò bá tú èéfín ńkọ́?"

"Ẹ gbé e gun òkè. Pẹ̀tẹ́lẹ̀ kì í tú àṣírí ẹ́ńjìnnì. Kí nọ́ńbà tó wà lára irin ọkọ̀ bá ti inú ìwé rẹ̀ mu, kí ìwé aṣọ́bodè sì pé. Irú èyí tí àwọn onítakisí ń lò ni kí ẹ rà, ẹ̀yà ara rẹ̀ kì í wọ́n. Ẹ má sì ná gbogbo owó yín tán lórí ọkọ̀, àtúnṣe ń bọ̀."

Léonie yíjú sí baba ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú sí mi. Tí ẹ bá rọ ọkọ́ tán, kí lẹ máa ń ṣe kí ẹ tó tà á?"

"Mo máa ń fi òòlù kan án, màá gbọ́ ohùn rẹ̀. Èyí tó bá sán..." Bàbá gbé ọ̀pá rẹ̀ sílẹ̀. "Èyí tó bá sán, ohùn rẹ̀ kì í dún. N kò jẹ́ tà á fún ọ̀tá mi. Èmi ni mo pa Gaël lẹ́nu mọ́, ọmọ mi, díẹ̀ ló kù kí n pa ọmọ yín."

"Èmi náà ni, Bàbá," ni Eugène wí. "Mo rí ojú Gaël. Mo mọ̀."

Ẹni ọ̀wọ́n, ìwọ tó fẹ́ ra ọkọ̀ àlòkù, súre fún un, ìre kò pọ̀ jù. Ṣùgbọ́n abéèrè kì í ṣìnà. Mú mẹkaníìkì tìrẹ dání, má lo ti ẹni tó ń tà á. Jẹ́ kó wò ó tán, jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà yóò ba àgbà nínú jẹ́. Àgbà tó bá bínú lónìí, a lè bẹ̀ ẹ́ lọ́la. Ọmọ tó bá kú lójú ọ̀nà ọsibítù kò ṣeé bẹ̀.