Iná Èédú Kò Gbọdọ̀ Wọ Inú Àgọ́

Ẹ mọ bí Houston ṣe máa ń rí ní oṣù kejì, tí òjò wẹliwẹli bá ń rọ̀, tí atẹ́gùn tútù sì ń fẹ́ láti àríwá. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni àbúrò mi, Mùsílíù, yàn láti pa àgọ́ sí ẹ̀yìn ilé rẹ̀ ládùúgbò Fondren Southwest. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín o, ó nídìí.

Àbúrò ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé ní Ireland ló ní kí wọ́n wá lo ìsinmi oṣù keje létí òkun Wexford. Ibùdó kan wà níbẹ̀ tí èèyàn ti lè sùn nínú ilé onítáyà tí wọ́n ń pè ní kárávàànù, tàbí kó pa àgọ́ sórí koríko, kó máa gbọ́ ìró òkun látorí ibùsùn. Ó wá kìlọ̀ fún wọn pé, "Ẹ má rò pé ooru ń bẹ níbí o. Oṣù keje tiwa, oṣù kejì Houston ni."

Ẹnjiníà ni Mùsílíù. Ẹ mọ̀ wọ́n, gbogbo nǹkan ni wọ́n máa ń dán wò. Ó ní kí gbogbo ilé lo ọ̀sán Sátidé kan nínú àgọ́, kí àwọn mọ̀ bóyá àwọn lè fara da òtútù Ireland. Àwọn tó wà nínú ẹ̀ ni Nusaiba ìyàwó rẹ̀, Hajarat ọmọ wọn tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà, àti màámi, ìyá tó bí èmi àti Mùsílíù, tí wọ́n ti lé ní àádọ́rin ọdún.

Sìkírátù lorúkọ mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, èmi ni wọ́n sì fi ètò ìlera ẹgbẹ́ obìnrin mọ́sáláṣí wa lé lọ́wọ́. Ohun tí mo fojú ara mi rí lọ́jọ́ náà ni mo fẹ́ sọ, nítorí inú ṣì ń bí mi díẹ̀.

Mo gbé mọ́ínmọ́ín lọ kí wọn ní nǹkan bí aago mẹ́ta. Mùsílíù wà lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, ó ń gé adìẹ sísun sínú àwo, inú rẹ̀ ń dùn.

"Ẹ káàbọ̀, Ẹ̀gbọ́n. Ẹ wo àgọ́ wa. Èèyàn mẹ́fà ló ń gbà!"

"Àwọn tó kù dà?"

"Wọ́n wà nínú ẹ̀. Inú ibẹ̀ ti móoru, ẹ ò ní fẹ́ jáde."

Ó móoru kẹ̀? Nínú òtútù yìí? Mo ní, "Kí ló ń mú un móoru?"

"Iná èédú tí mo fi sun adìẹ ni. Òjò fẹ́ pa á, Màámi wá ní ká gbé e wọlé. Ẹ fọkàn balẹ̀, ó ti pọ́n dáadáa. Kò rú èéfín rárá."

Mọ́ínmọ́ín bọ́ lọ́wọ́ mi. Mi ò wẹ̀yìn wò, mo sáré lọ fa síìpù àgọ́ náà ṣí.

Màámi jókòó, wọ́n fọwọ́ di orí. "Sìkírá, ṣé ìwọ nìyẹn? Orí ń fọ́ mi díẹ̀. Ó jọ pé ebi ni."

Nusaiba ní, "Àǹtí, òòyì ń kọ́ èmi náà. Hajarat ní inú ń rìn òun, ló bá sùn lọ."

"Ẹ jáde! Gbogbo yín, ẹ jáde kíá! Mùsílíù, gbé Màámi! Fi iná yẹn sílẹ̀ níbẹ̀!"

Mo gbá Hajarat mọ́ra. Ọrùn rẹ̀ rọ̀ jọ̀wọ̀lọ̀ lọ́wọ́ mi. Mo pè é, kò dáhùn. Mi ò ní purọ́ fún yín, ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo tẹ́ ẹ sórí koríko nínú òjò, mo pe 911, mo sì ń fọwọ́ pa á lẹ́yìn. Nígbà tó yá, ó bì, ó lajú, ó wá bú sẹ́kún. Láyé mi, mi ò gbọ́ ẹkún tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Mùsílíù gbé Màámi kalẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. "Ẹ̀gbọ́n, ṣùgbọ́n kò sí èéfín..."

"Mùsílíù, níléeṣẹ́ epo tí o ti ń ṣiṣẹ́ ní Baytown, kí ni wọ́n máa ń so mọ́ ọ láyà?"

"Ẹ̀rọ tó ń mọ̀ bí gáàsì bá wà nínú afẹ́fẹ́."

"Kí ló dé tí wọn ò ní kó o máa fimú gbọ́ ọ?"

"Nítorí òmíràn ò lóòórùn."

"Ẹn-ẹ́n! O mọ̀ ọ́n níbi iṣẹ́, o wá gbàgbé ẹ̀ nílé ara rẹ!"

Àwọn panápaná dé. Ọ̀kan nínú wọn, Anthony, na ẹ̀rọ wọn sínú àgọ́ náà, ẹ̀rọ sì ké tantan. Ó ní ibẹ̀ kò tíì ṣeé wọ̀, bẹ́ẹ̀ àgọ́ náà ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Wọ́n fún àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní ọ́síjìn, wọ́n sì gbé wọn lọ sí ọsibítù. Alihamudulilai, kò sí èyí tó kú, kò sí èyí tó yarọ.

Ní ọsibítù ni màámi ti wò mí lójú. "Sìkírátù, ṣé o rò pé mo fẹ́ pa ọmọ ọmọ mi ni? Iná èédú ni mo fi ń mú ara ẹ̀yin mẹ́fẹ̀ẹ̀fà móoru nígbà tí mo bí yín. Ọ̀kan ò ṣe bí ẹni máa kú."

Omi ti lé sí wọn lójú. Ìbínú mi rọlẹ̀.

"Màámi, ẹ má bínú. Ilé wa ní Ìsẹ́yìn nígbà yẹn, ṣé ó ní àjà?"

"Àjà wo? Páànù lásán ni. Atẹ́gùn ń gba abẹ́ ẹ̀ wọlé."

"Fèrèsé ńkọ́?"

"Pákó ni. Kì í tì dáadáa."

"Ilé yẹn ló gbà wá, Màámi. Afẹ́fẹ́ ń gbé májèlé náà jáde, a ò sì mọ̀. Àgọ́ ti Mùsílíù, rọ́bà ni, ẹ tún wá ti síìpù ẹ̀ pa pátápátá. Ilé onítáyà náà ò yàtọ̀, wọ́n ti dí gbogbo ihò ẹ̀ nítorí atẹ́gùn òkun."

"Kí ni wọ́n ń pe májèlé ọ̀hún?"

"Kábọ́ọ̀nù mónókísáìdì. Kò láwọ̀, kò lóòórùn, kì í ta lójú. A máa ń sọ pé èéfín ni ìwà, ríru ní í rú. Èyí kì í rú, Màámi. Bí oorun ló ṣe máa ń kun èèyàn."

Wọ́n mí kanlẹ̀.

Ní oṣù keje, gbogbo wa lọ sí Ireland, èmi náà bá wọn lọ. Ibẹ̀ dùn! Koríko tútù yọ̀yọ̀ títí dé etí òkun, Hajarat ń ṣa ìkarahun láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Mo ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀ oníbátìrì méjì, ọ̀kan fún àgọ́, ọ̀kan fún ilé onítáyà tí màámi ń sùn sí. Lọ́jọ́ kẹta, a ń sun adìẹ níta ni òjò bá dé, Hajarat sì ń gbọ̀n. Mùsílíù sún mọ́ iná náà.

"Fi í síbẹ̀!" Màámi ló pariwo. "Kí òjò pa á!"

Wọ́n fi kúbùsù wé ọmọ, wọ́n gbé rọ́bà omi gbígbóná sí i láyà. Èmi gbé adìẹ lọ sórí sítóòfù inú ilé onítáyà, mo ṣí fèrèsé, mo dín in títí tó fi jinná. A jẹun, a rẹ́rìn-ín, a sùn.

Ẹ̀yin èèyàn wa, bí ẹ bá ń lọ sétí òkun, ì báà jẹ́ Ireland, ì báà jẹ́ Galveston tó wà nítòsí wa, ìta ni kí iná èédú máa gbé, jìnnà sí ẹnu ọ̀nà. Bó bá tilẹ̀ ti kú lójú yín, ẹ má gbé e wọlé, nítorí májèlé ṣì ń jáde lára ẹ̀ títí tó fi máa tutù pátápátá. Ẹ má tan sítóòfù láti fi yáná. Ẹ ra ẹ̀rọ ìkìlọ̀, kí ẹ sì dán an wò kẹ́ ẹ tó sùn. Nílé pàápàá, bí iná mànàmáná bá lọ ní Houston nígbà òtútù, òfin kan náà ni.

Bí orí bá ń fọ́ èèyàn méjì mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà níbi tí iná wà, kì í ṣe ebi, kì í ṣe ibà. Ẹ kọ́kọ́ jáde, kẹ́ ẹ tó pe 911 níbí, tàbí 112 ní Ireland. Ẹ má padà wọlé lọ mú ohunkóhun.

Màámi ló ní kí n fi tiwọn kún un. Wọ́n ní, "Sọ fún wọn pé ẹni tí òtútù mú á máa gbọ̀n. Ẹni tó bá ń gbọ̀n, ó ṣì wà láàyè."