Ìṣẹ́jú Tí Ẹnikẹ́ni Kò Sọ̀rọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ kí n búra, kí ó gbé Kùránì wá. N ó ṣe àlùwàlá, n ó sì búra. N kò sùn, n kò lá àlá. Ọ̀sán ni, ojú mi là kedere. Àwa mẹ́rin la wà níbẹ̀. Ẹ lè bi àwọn mẹ́ta yòókù.

Rodiyah ni orúkọ mi. Ọmọ Ìlọrin ni wá, ṣùgbọ́n Minna ni wọ́n bí mi sí, nínú ilé tí a ṣì ń gbé ní àdúgbò Limawa. Olùkọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mí. Ẹni tó bá fi gbogbo àárọ̀ pariwo mọ́ ọmọ mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ìdákẹ́jẹ́ nìkan ló ń wá délé. N kò rí i. Àbúrò mi Junaid wà nílé. Ẹ̀bùn, agùnbánirọ̀ tó gba yàrá kan lọ́wọ́ wa, wà nílé. Eré kan tó ń jẹ́ Ojúlé Kẹsàn-án sì wà láàárín wọn bí eegun láàárín ajá méjì.

Ọdún mẹ́rin la fi wo eré yẹn. Obìnrin kan, Móríyìkẹ́, jáde ní ojúlé kẹsàn-án láti lọ ra kẹrosíìnì, kò padà mọ́. Ọkọ rẹ̀ ń wá a. Ní apá kejì, lẹ́tà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé láti ọwọ́ ẹni tí a kò mọ̀. Ní apá kẹta, wọ́n rí bàtà rẹ̀ nínú kànga aládùúgbò. Nígbà tí apá kẹrin dé, tí wọ́n ní òun ni ìkẹyìn, a ra dátà, a jókòó, a ní wọn yóò sọ ibi tí obìnrin náà wà fún wa.

Wọn kò sọ ọ́. Ní ìparí, ọkọ rẹ̀ ṣí yàrá kan tó ti wà ní títì láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Àga kan ṣoṣo. Wọ́n dojú kámẹ́rà kọ àga náà fún ìṣẹ́jú kan gbáko. Kò sí orin. Kò sí ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè.

Ó tán. Ọdún mẹ́rin!

Ọ̀sẹ̀ méjì ni Junaid fi bínú. Òun ni alábòójútó ẹgbẹ́ àwọn tó ń wo eré náà lórí Wọ́sáàpù, ó lé ní igba ènìyàn. Ìjà ibẹ̀ kò tó o, ó tún ń bá Ẹ̀bùn jà nínú pálọ̀ wa.

"Wọ́n rẹ́ wa jẹ," Junaid á wí. "Ẹni tó kọ ìtàn yẹn kò mọ ibi tó ń lọ."

"Ó mọ̀ ọ́n," Ẹ̀bùn á dáhùn. "Ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni ìdáhùn."

"Ìdáhùn sí kí ni?"

"Sí gbogbo rẹ̀."

"Haba! Àga ni ìdáhùn? Àga lásán?"

Báyìí ni wọ́n ń ṣe ní àárọ̀. Báyìí ni wọ́n ń ṣe bí mo bá ń bó ẹ̀wà. Èmi náà kórìíra ìparí yẹn, ṣùgbọ́n ẹnu wọn ti sú mi ju eré náà lọ.

Bàbá wa ni kì í dá sí i. Àbdùlwàhídù ni orúkọ wọn, ṣùgbọ́n gbogbo Limawa ń pè wọ́n ní Baban Tasha, ìyẹn Bàbá Ibùdókọ̀, nítorí ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi ṣiṣẹ́ ní ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Àwọn ni wọ́n ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà tí àlejò ń bi léèrè ọ̀nà. Ojú wọn méjèèjì ti fọ́ láti ọdún mẹ́sàn-án. Etí ni wọ́n fi ń wo eré. Ìyá wa ti lọ bá ẹ̀gbọ́n wa tọ́jú ọmọ tuntun ní Ìlọrin, nítorí náà àga Bàbá àti ẹ̀rọ láptọ́ọ̀pù Ẹ̀bùn ti di ọ̀rẹ́ ara wọn.

Ní ọjọ́ Sunday kan, lẹ́yìn ìrun Alásàárì, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀bùn ní ìdákẹ́jẹ́ náà dùn mọ́ òun. Junaid ní ẹni tí ìdákẹ́jẹ́ bá ń dùn mọ́, kó lọ jókòó sí ibojì.

Bàbá fi ọ̀pá wọn gbá ilẹ̀.

"Ìdákẹ́jẹ́ wo?" wọ́n ní. "Láti ọ̀sẹ̀ méjì ni mo ti ń gbọ́ ìdákẹ́jẹ́, ìdákẹ́jẹ́. Ẹ̀yin tí ẹ lójú, ṣé etí yín di ni?"

Gbogbo wa wò wọ́n.

"Bàbá, ìgbà tó ṣílẹ̀kùn yàrá yẹn là ń sọ," mo wí. "Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ níbẹ̀."

"Obìnrin yẹn ń kọ́?"

"Obìnrin wo?"

"Èyí tó ń sọ̀rọ̀. Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti ṣí ni, títí orin fi bẹ̀rẹ̀. Kò sinmi."

Junaid rẹ́rìn-ín. Ẹ̀bùn kò rẹ́rìn-ín. Ó gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ wá, ó wá ibẹ̀ kàn, ó tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn ṣí. Àga. A kò gbọ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n Bàbá ti tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ní tẹlifóònù. Ètè wọn ń mì.

Nígbà tó tán, wọ́n sọ ohun tí obìnrin náà wí. Ẹ̀bùn ní kí a tún un fi sí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta la fi í sí i, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sọ ọ́, kò yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹ̀bùn kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ẹ̀kọ́ rẹ̀. Mo ṣì ní ìwé náà.

*Mo ti rìn, ó ti sú mi. Gbogbo ilẹ̀kùn tí mo kàn, wọ́n ní ibí kọ́. Ẹsẹ̀ mi tutù. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yẹn, mo ń rí yín. Ẹ jọ̀ọ́, ọ̀nà dà?*

"Ohùn Móríyìkẹ́ ni?" Ẹ̀bùn bi wọ́n.

"Rárá. Mo mọ ohùn gbogbo wọn. Ẹni yìí kò sọ̀rọ̀ rí nínú eré náà."

Junaid kì í gba ọ̀rọ̀ gbọ́ bọ̀rọ̀. Ó gbé láptọ́ọ̀pù náà kúrò níwájú Bàbá, ó fi ibòmíràn tó dákẹ́ nínú eré náà sí i. Bàbá ní, "Èyí kọ́." Ó padà síbi àga, ṣùgbọ́n ó pa ohùn ẹ̀rọ mọ́. Bàbá ní, "O ti bò ó lẹ́nu." Ó rọra ṣí ohùn náà padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ètè Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀bùn wá ohun kan tó máa ń ya ohùn ní ìlà sójú ẹ̀rọ. Níbi tí ènìyàn bá ti sọ̀rọ̀, ìlà náà á gbọ̀n. Ní ìṣẹ́jú tí à ń wí yìí, ìlà náà tẹ́ pẹrẹsẹ bí etí àwo.

"Ó lè jẹ́ ọjọ́ ogbó," Junaid sọ fún mi lójúde.

"Bàbá tí wọ́n ṣì mọ nọ́ńbà fóònù gbogbo wa lórí?"

Ẹ wá wo ohun tí ọmọ náà ṣe. Ó ti fi fóònù ká ohùn Bàbá sílẹ̀, ó sì jù ú sínú ẹgbẹ́ wọn, ó ní kí àwọn ará wá gbọ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, igba ènìyàn ti pín sí méjì. Àwọn kan ní bàbá náà ti tú àdììtú eré. Àwọn kan ní òpùrọ́ ni. Wọ́n ń bú ara wọn, wọ́n ń bú wa. N kò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí. Mo ní kí Junaid pa á rẹ́. Ó ní ó ti tàn kálẹ̀. Bí a ti ń fa ọ̀rọ̀ yìí mọ́ra wa lọ́wọ́ nínú pálọ̀, ọwọ́ rẹ̀ ṣèèṣì tẹ ohùn kan tí ẹnìkan fi ránṣẹ́. Ó kéde sí gbogbo ilé:

"Ẹ sọ fún afọ́jú yẹn kó lọ sùn, jàre."

Bàbá wà lórí àga wọn. Wọ́n gbọ́ ọ.

Nígbà tí wọ́n kírun ọ̀sán tán, wọ́n pè wá, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ẹnìkan ń béèrè ọ̀nà," wọ́n ní. "Ẹ̀yin ń jiyàn bóyá ìtàn dùn tàbí kò dùn. Èmi fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n jókòó ní tasha. Ẹnikẹ́ni kò béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ mi kí n mójú kúrò. Ẹ̀bùn, ọmọ mi, fi í sí i."

"Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀," Ẹ̀bùn wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà. Òun tó fẹ́ràn ìparí náà ni ẹ̀rù kọ́kọ́ bà.

"Mo ní kí o fi í sí i."

Ó fi í sí i. Oòrùn ń ta lójúde. Ìyá Hausa tó wà lẹ́yìn ilé wa ń lọ ata, ẹ̀rọ rẹ̀ ń pariwo. Ilẹ̀kùn inú eré ṣí. Àga náà jókòó síbẹ̀.

Bàbá tẹ̀ síwájú. Wọ́n dúró títí ó fi yẹ kí ọ̀rọ̀ obìnrin náà tán. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ní ohùn pẹ̀lẹ́ tí wọ́n fi ń bá èrò ọkọ̀ sọ̀rọ̀ nígbà tí mo wà ní kékeré.

"Gbọ́, ọmọ mi. Minna ni kí o sọ̀ kalẹ̀ sí. Bí o bá jáde ní tasha, má tẹ̀ lé àwọn tó ń pariwo kẹ̀kẹ́. Fi ojú irin sẹ́yìn. Béèrè Limawa. Bí o bá dé mọ́sáláṣí kékeré tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé, yà sọ́wọ́ ọ̀tún. Géètì dúdú, igi gúáfà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Má kanlẹ̀kùn. Ìwọ sáà wọlé."

Ilé wa ni wọ́n júwe.

Ẹ̀rọ ata dákẹ́. Adìyẹ tó ń jẹ̀ lójúde dákẹ́. Mo ń gbọ́ èémí Junaid. Mo wojú ẹ̀rọ láptọ́ọ̀pù náà. Ìṣẹ́jú náà yẹ kó ti tán, ṣùgbọ́n orin kò bẹ̀rẹ̀. Àga ṣì wà níbẹ̀. Ó pẹ́. N kò lè sọ bó ti pẹ́ tó. Nígbà tí orúkọ àwọn òṣèré bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, ẹ̀rọ ata náà bú jáde padà.

"Tún un fi sí i," Bàbá wí.

Ẹ̀bùn tún un fi sí i. Ètè Bàbá kò mì. Ó tán ní ìṣẹ́jú kan, bó ti máa ń tán.

"Obìnrin náà ń kọ́, Bàbá?" Junaid béèrè.

"Kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti gbéra."

Ní ọjọ́ kejì, Ẹ̀bùn kó ẹrù rẹ̀ lọ bá àwọn agùnbánirọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní àdúgbò Tunga. Kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó kàn ní òun kò lè sùn nílé tí wọ́n ti júwe fún ẹlòmíràn. Junaid pa ẹgbẹ́ Wọ́sáàpù náà rẹ́, kò sọ ìdí fún ẹnikẹ́ni. Ilé wá dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ tí mo ti ń wá rèé, mo sì kórìíra rẹ̀.

Mo fara dà á fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kẹrin, mo gbé oúnjẹ síwájú Bàbá, mo kúnlẹ̀, inú sì ń bí mi.

"Bàbá, ẹ dárí jì mí. Ta lẹ ní kó máa bọ̀ nílé wa yẹn? Ẹ kò mọ̀ ọ́n."

"Arìnrìn-àjò ni."

"Ẹ kò bi í pé níbo ló ti ń bọ̀?"

"Ẹni tó ti rẹ̀, a kì í bi í bẹ́ẹ̀."

"Ẹ kò tilẹ̀ bi í bóyá òun nìkan ni?"

Wọ́n bu òkèlè kan, wọn kò fi í sẹ́nu.

"Nígbà tí mo ń júwe ọ̀nà fún un," wọ́n ní, "mo gbọ́ tó yíjú padà. Ó ń tún un sọ fún ẹnìkan lẹ́yìn rẹ̀."

"Fún ta ni?"

"N kò mọ̀. Ẹni náà tún un sọ fún ẹlòmíràn. Èyíinì náà tún un sọ. Géètì dúdú, igi gúáfà. Géètì dúdú, igi gúáfà. Ó ń lọ sẹ́yìn, ó ń jìnnà, títí n kò fi gbọ́ ọ mọ́." Wọ́n fi òkèlè náà padà sínú àwo. "Kò tíì tán nígbà tí n kò gbọ́ ọ mọ́, Rodiyah."

Mo fẹ́ pariwo mọ́ wọn bí mo ti ń pariwo mọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi. Bàbá mi ni. N kò lè ṣe é.

"Kí la ó wá ṣe báyìí?" mo béèrè.

"Àlejò ń bọ̀. Tẹ́ ẹní."

"Mélòó?"

"Gbogbo èyí tó wà nílé."

Méje ni a ní. Mo tẹ́ méjèèje láti pálọ̀ dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń kùn, mo ń gbọn wọn pàlàpàlà kí Bàbá lè mọ̀ pé inú ń bí mi. Junaid dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò ràn mí lọ́wọ́, kò sì sá. Bàbá dìde. Wọ́n ń fi ọ̀pá kan àwọn ẹní náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń kà á sábẹ́ ahọ́n, títí wọ́n fi dé ibi tí ilẹ̀ lásán ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n dúró níbẹ̀. Wọ́n tẹ́tí sí ìta fún ìgbà díẹ̀.

"Rodiyah," wọ́n ní, "lọ yá ẹní sí i."

Mo rojú. Ṣùgbọ́n mo lọ yá a.