Jíà Tó Há Jù

“Wáṣà kan ni kó o fi sẹ́yìn jíà yẹn, Kánjúkánjú. Ẹyọ kan ṣoṣo. Yí i wò kó o tó fi òmíràn sí i.”

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló ń sọ bẹ́ẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Kí àìsàn tó dá a dùbúlẹ̀, kò sí ọkọ̀ ìṣeré oní-rìmóòtù tí kì í tú palẹ̀ kó sì tún un tò. Ní báyìí, ọwọ́ rẹ̀ kò lè di ṣíbí mú. Ẹnu nìkan ló fi ń ṣiṣẹ́, àbúrò rẹ̀ ló ń bá a fọwọ́ ṣe é. Àpótí jíà tó ń yí táyà ẹ̀yìn tírélà kékeré kan ni wọ́n tú sílẹ̀, pẹ̀lú wáṣà mẹ́ta, àwọn òrùka irin pẹlẹbẹ tó ń fún jíà mọ́ra. Ẹ̀gbọ́n ní òun fẹ́ rí i kó gun pákó tí wọ́n fi ṣe òkè fún un lẹ́ẹ̀kan sí i.

“Eyín jíà méjèèjì gbọ́dọ̀ wọnú ara wọn, àmọ́ kó ṣì máa mì díẹ̀. Tó bá há jù, wọ́n á jẹ ara wọn ni.”

Ìta ni ọkàn Kánjúkánjú wà ní tirẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń súfèé lójú fèrèsé, wọ́n ní tí kò bá jáde, àwọn ń lọ. Ló bá kó wáṣà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ó de síkúrù, ó pa á dé.

“Ṣé ó ń mì díẹ̀?”

“Ó ń mì dáadáa, Ẹ̀gbọ́n mi.”

Irọ́ gbuu! Kò tiẹ̀ yí i wò.

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wọn gbé Ẹ̀gbọ́n jókòó, ó fi ìrọ̀rí tì í lẹ́yìn. Tírélà gbéra, ó dé ìdajì pákó, ni jíà bá ké krrrr. Nígbà tí wọ́n tú u, eyín rẹ̀ ti fọ́ wẹ́wẹ́.

“Ṣé o yí i wò lóòótọ́?” Ẹ̀gbọ́n béèrè.

Ojú ti Kánjúkánjú, ló bá tún parọ́ mìíràn. “Bí ẹ ṣe ní kí n ṣe é ni mo ṣe é.”

“Á jẹ́ pé ọpọlọ mi náà ti ń lọ nìyẹn. Mo rò pé ìyẹn ṣì kù fún mi.” Ó kọjú sí ògiri, ó ń sunkún.

Látọjọ́ náà, tí Kánjúkánjú bá béèrè ohunkóhun nípa ọkọ̀, èsì kan náà ni: “Má bi mí, àbúrò mi. Mi ò mọ̀ ọ́n mọ́.” Áà, ó dun ọmọ náà wọra! Lójoojúmọ́ ló ń sọ pé òun á jẹ́wọ́ lọ́la. Tílẹ̀ bá mọ́, ẹ̀rù á tún bà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Bí wọ́n ṣe jáde nílé ẹ̀kọ́, eré ló sá délé. Bàtà àlejò rẹpẹtẹ ló bá lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá rẹ̀ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé fún un.

Ó wólẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó fi ẹkún jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Ìyá rẹ̀ gbá a mọ́ra.

“Mo ti gbọ́, ọmọ mi. Mo sì ti dárí jì ẹ́. Àmọ́ èmi kọ́ ló yẹ kó o sọ ọ́ fún.”

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń ka ìtàn yìí, tí ẹ bá parọ́ fún ẹni tó fọkàn tán yín, ẹ tètè jẹ́wọ́ nígbà tí onítọ̀hún ṣì lè gbọ́. Kánjúkánjú ti mọ bí wọ́n ṣe ń to jíà dáadáa báyìí. Ẹni tó kọ́ ọ kú pẹ̀lú èrò pé òun ti gbàgbé iṣẹ́ náà.