Ohun Tó Pa Màlúù Oko Ọbayẹmí

Òkú màlúù mẹ́fà ni wọ́n bá nínú ọgbà ìsàlẹ̀ ní oko Ọbayẹmí, lẹ́yìn Zuba, ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹrin ọdún 2017. Wọ́n nà gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n ìjẹun wọn, ikùn wọn wú, ìfófòó sì wà lẹ́nu àwọn kan. Kò sí ọgbẹ́ lára wọn, ẹnikẹ́ni kò sì gé wáyà ọgbà. Nínú ọgbà òkè, tí kò jìnnà rárá, àwọn màlúù yòókù ń jẹ àpọ̀jẹ bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀, lékeléke sì ń ṣa eégbọn lára wọn.

Kí Ìnísípẹ́kítọ̀ Lateefah Sùlàímọ́nù tó dé, àwọn ọlọ́pàá agbègbè ti mú ẹnì kan. Sàkáríyà ni wọ́n mú, Fúlàní ará Ṣàárẹ́ tí bàbá rẹ̀ ti ń da ẹran ní oko yìí kí wọ́n tó bí òun gan-an. Ohun méjì ni wọ́n kà sí i lọ́rùn: ó bá ọmọ-ọmọ olóko fa ọ̀rọ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, wọn kò sì rí i nílé ní alẹ́ tí ẹran kú.

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé ti pé sẹ́nu ọ̀nà oko. Wọ́n ní bí ọlọ́pàá kò bá tètè wá nǹkan sọ, àwọn yóò lọ sí gáà àwọn Fúlàní lódìkejì odò láti lọ bèèrè ọ̀rọ̀ fúnra àwọn. Lateefah rí garawa bẹntiróòlù lẹ́sẹ̀ ọ̀kan nínú wọn. Ó ní kí wọ́n fún òun di ìrọ̀lẹ́. Ó gba garawa náà, ó fi sẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀, ó sì fi ọlọ́pàá méjì sójú ọ̀nà odò. Ọmọ Ìwó ni obìnrin yìí, kì í pariwo. Àwọn tó bá a ṣiṣẹ́ máa ń sọ pé bí ó bá ti ń rẹ ohùn sílẹ̀ ni kí ènìyàn ṣọ́ra.

Ó lọ kí olóko lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá Ọláníyan Ọbayẹmí ti lé lọ́gọ́rin ọdún, orúnkún rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè rìn jìnnà mọ́. Ará Ìyàrà ni wọ́n. Iṣẹ́ ìjọba lẹ́ka ọ̀gbìn ló gbé e wá sí Àbújá nígbà tí ìjọba ṣẹ̀ṣẹ̀ pinnu pé olú ìlú yóò kúrò ní Èkó. Nígbà náà, igbó ni gbogbo ibẹ̀. Ó ra ilẹ̀, bàbá tirẹ̀ sì fún un ní màlúù díẹ̀ láti ilé pé kó fi bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń gbin ọkà, tí wọ́n ń gbin iṣu, tí wọ́n sì ń sin màlúù. Akọ màlúù funfun kan tó wà nínú ọgbà òkè, ìran màlúù Ìyàrà wọ̀nyẹn ni.

Bàbá sọ fún Lateefah pé Akínjídé, àkọ́bí òun, ló ti ń bójú tó oko láti ìgbà èwe rẹ̀. Ọmọ òun kejì ti kú, ó sì fi Tiwátọ́pẹ́ sílẹ̀, ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì gẹ́gẹ́ bí dókítà ẹran. Lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, òun kó gbogbo ẹbí jọ, òun sì kéde pé Tiwátọ́pẹ́ ni yóò máa darí oko láti ìsinsìnyí lọ. Àwọn màlúù mẹ́fà tó kú yìí, ẹran àmúlùmálà tí ọmọ náà mú wá láti fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ wàrà ni.

"Ta ló bínú sí ìkéde yẹn, Bàbá?"

"Ọmọ mi, gbogbo wọn ló pàtẹ́wọ́."

Tiwátọ́pẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn òkú ẹran, bàtà rọ́bà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n. Ó ṣàlàyé pé fíìdì tuntun ni òun fún àwọn ẹran lálẹ́ àná, àpò kan náà ni òun sì bù fún ọgbà méjèèjì. Òun ti la ọ̀kan nínú àwọn òkú, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sì pupa fòò, bí ẹni pé ẹran náà ṣì ń mí.

"Kí ló ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀?" Lateefah bi í.

"Ohun tí mo mọ̀ ni èéhù ọkà bàbà, mà. Bí a bá ti kórè ọkà, tí òjò àkọ́rọ̀ sì rọ̀ sí pòròpórò tó kù nílẹ̀, èéhù tó bá kọ́kọ́ yọ máa ń ní májèlé nínú. Ṣùgbọ́n oko ọkà wa wà nínú ọgbà tirẹ̀, àgádágodo sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Màlúù ò lè débẹ̀."

"Àwọn wo ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Bàbá àgbà àti Dádì Akin, ẹ̀gbọ́n bàbá mi."

"Àwọn wo ló mọ̀ pé èéhù náà ń pa ẹran?"

"Gbogbo wa ni. Bàbá àgbà máa ń sọ ọ́ fún wa láti kékeré. Ohun tó pa abo màlúù àkọ́kọ́ tí wọ́n kó wá láti Ìyàrà nìyẹn."

Lateefah bẹ̀rẹ̀ wo inú ọpọ́n ìjẹun. Nínú igun rẹ̀, lábẹ́ ìyókù fíìdì, ó rí ewé tútù díẹ̀ tí wọ́n fi àdá ké wẹ́wẹ́. Tiwátọ́pẹ́ ní òun kò fún wọn ní ewé kankan. Ìnísípẹ́kítọ̀ kó o sínú ọ̀rá, ó sì bẹ ọmọ náà pé kó má tíì dárúkọ ọkà bàbà fún ẹnikẹ́ni nílé.

Akínjídé ló mú un yí oko ká. Ọkùnrin ẹni àádọ́ta ọdún àti díẹ̀ ni, ọwọ́ rẹ̀ le bí èèpo igi. Kò sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ó ti ń kọjá lára akọ màlúù funfun, ó na ọwọ́, ó họ ọ́ lọ́rùn, ẹran náà sì gbé orí lé èjìká rẹ̀. Ó sọ fún Lateefah jẹ́jẹ́ pé òun kò rò pé ọ̀rọ̀ yìí kan ọlọ́pàá. Ó ní Beatrice àbúrò òun tó ń gbé ní Maitama ló sáré pè wọ́n.

"Fíìdì yẹn ló pa wọ́n, Màdáámù. Inú ẹran àmúlùmálà ò le bíi tàwọn tiwa. Ọmọ náà kàwé lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ẹ jẹ́ ká gbà pé àṣìṣe ni."

"A jẹ́ pé ẹ gbà pé Sàkáríyà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀?"

Akínjídé wo ilẹ̀. Ó ní òun kò lè bá ọlọ́pàá du iṣẹ́ wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò dùn létí Lateefah. Ó ní kó ṣí oko ọkà fún òun. Àgádágodo rẹ̀ pé, kò sí ibi tí wọ́n ti fọ́ ọ. Èéhù ti yọ lára gbogbo pòròpórò, ó tutù yọ̀yọ̀. Àmọ́ ní igun kan, ẹnì kan ti gé e lọ, ojú ibi tí àdá ti kọjá sì ṣì ń mú omi jáde. Akínjídé ní bóyá ẹran ìgbẹ́ ló jẹ ẹ́. Lateefah kò jiyàn. Ó kàn ronú pé àgbẹ̀ tó dàgbà sínú oko kì í ṣi ojú àdá mú fún ojú eyín.

Ó wakọ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Sàkáríyà dìde nínú àtìmọ́lé, ó kí i ní sànnu, ó sì bá a sọ Yorùbá bí ará Ṣàárẹ́ ti ń sọ ọ́. Ó ní ilé ìwòsàn ní Zuba ni òun sùn, ìyàwó òun bí ọmọbìnrin. Lateefah pe nọ́ọ̀sì ibẹ̀ lórí fóònù, ọ̀rọ̀ náà sì rí bẹ́ẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó mú ọ?"

"Wọ́n bi mí pé kí ló dé tí mo fi pa màlúù. Wọn ò bi mí pé níbo ni mo wà."

Lateefah sì bi í nípa ìjà rẹ̀ pẹ̀lú Tiwátọ́pẹ́. Sàkáríyà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ní ọmọ náà kò fẹ́ kí ẹran jáde lọ jẹko mọ́. Òun sọ fún un pé ẹran tí kì í rìn, ó máa ń ṣàárẹ̀. Ọmọ náà fèsì pé ẹran tó ń rìn máa ń dá ìjà sílẹ̀ pẹ̀lú àgbẹ̀. Wọ́n fi í síbẹ̀. Ó wá ní, "Ìnísípẹ́kítọ̀, bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. N ò dárúkọ ẹnikẹ́ni o."

Ní Maitama, Beatrice gbà á ní pálọ̀ tútù kan, kò sì fi ọ̀rọ̀ pamọ́. Ó ní lóòótọ́, ọjọ́ ti pẹ́ tí òun ti ń sọ fún bàbá àwọn pé kó ta ilẹ̀ náà, kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Ṣùgbọ́n bí òun bá fẹ́ pa màlúù kí oko lè tú, kí ni òun yóò fi ìdajì sílẹ̀ ṣe? Òun kò tilẹ̀ mọ èyí tí í ṣe àmúlùmálà yàtọ̀ sí òmíràn.

"Báwo ni ẹ̀gbọ́n yín ṣe gba ìkéde bàbá yín?"

"Ó pàtẹ́wọ́ bíi tiwa. Lẹ́yìn náà ló jáde. A pè é wá jẹun títí, ẹ̀gbẹ́ màlúù funfun yẹn ló dúró sí. Oúnjẹ rẹ̀ tutù."

Nígbà tí oòrùn rọlẹ̀, gbogbo wọn pé sábẹ́ igi máńgòrò: Bàbá, Akínjídé, Beatrice, Tiwátọ́pẹ́, àti Sàkáríyà tí wọ́n ti tú sílẹ̀. Lateefah ní kí wọ́n fa akọ màlúù funfun wá. Ó gbé ọpọ́n kékeré kan jáde láti ẹ̀yìn ọkọ̀, ewé tútù tí wọ́n ké wẹ́wẹ́ ló kún inú rẹ̀.

"Irú ewé tí mo bá nínú ọpọ́n àwọn ẹran tó kú rèé," ni ó wí. "Ọ̀gbẹ́ni Akínjídé ní fíìdì ló pa wọ́n, a jẹ́ pé ewé kò lẹ́ṣẹ̀. Ẹ jẹ́ kí akọ màlúù yìí jẹ ẹ́, ká lè mú ewé kúrò nínú ẹjọ́."

Ó gbé ọpọ́n sílẹ̀. Tiwátọ́pẹ́ kò mira. Bàbá mi orí pé kò burú. Màlúù na ọrùn, ó gbóòórùn ewé náà, ó yọ ahọ́n.

Akínjídé ti bọ́ síwájú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Ó fi ẹsẹ̀ da ọpọ́n náà nù, ó sì fi ọwọ́ méjèèjì ti orí ẹran sẹ́yìn.

"Má jẹ ẹ́," ni ó ń sọ fún màlúù. "Má jẹ ẹ́."

Lateefah bẹ̀rẹ̀, ó ṣa ewé kan nílẹ̀.

"Koríko ẹ̀bá ọ̀nà Zuba ni, sà," Lateefah wí, ohùn rẹ̀ sì ti lọ sílẹ̀ pátápátá. "Mo ti sọ fún Bàbá àti Tiwátọ́pẹ́. Kò lè pa ẹran kankan. Ẹni tó bá gbà gbọ́ pé fíìdì ló pa wọ́n kò ní bẹ̀rù ewé."

Ó wá tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ fún wọn. Ọgbà méjèèjì ló jẹ fíìdì kan náà, ẹran inú ọgbà kan ṣoṣo ló kú, nítorí náà fíìdì kọ́. Ẹnì kan gé èéhù ọkà, ó ké e wẹ́wẹ́, ó sì dà á mọ́ oúnjẹ àwọn ẹran àmúlùmálà nìkan. Kọ́kọ́rọ́ ló fi wọlé. Kọ́kọ́rọ́ kò sì ju méjì lọ, Bàbá kò sì lè rìn dé oko ọkà. "Olè kọ́, nítorí olè ì bá kó wọn lọ. Ẹni tó fẹ́ kí oko tú kọ́, nítorí ìyẹn ì bá pa gbogbo wọn. Ẹni tó fẹ́ràn màlúù ilé yìí débi pé kò lè fọwọ́ kan ẹyọ kan nínú ìran ti Ìyàrà ni. Ó kàn fẹ́ kí Bàbá rò pé ọmọ náà kò mọ iṣẹ́."

Ọwọ́ Akínjídé ṣì wà lọ́rùn ẹran. Nígbà tó sọ̀rọ̀, bàbá rẹ̀ ló ń bá sọ ọ́.

"Ẹ mú mi kúrò nílé ìwé nígbà tí ara yín ò yá, pé kí n wá mójú tó ẹran. Ẹ ò dá mi padà. Mo bí ọmọ síhìn-ín, mo sin aya síhìn-ín. Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ ò tilẹ̀ wo ọ̀dọ̀ mi kí ẹ tó dárúkọ rẹ̀."

Bàbá gbójú sókè sí i. "Ojoojúmọ́ lò ń ké pé ẹ̀yìn ń dùn ọ́," ni ó wí. "Mo rò pé mò ń sọ àjàgà kalẹ̀ fún ọ ni. Mo rò pé inú rẹ á dùn."

Akínjídé bo ojú. Bàbá wá nawọ́ sí Sàkáríyà. "Bàbá ẹni yìí pọ̀n ọ́ sẹ́yìn ré odò kọjá. O mọ̀ pé kò ṣe nǹkan kan, o sì jókòó wò ó nínú àtìmọ́lé. Ọ̀rọ̀ màlúù, mo lè gbàgbé ìyẹn."

Beatrice bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀ pé ọ̀rọ̀ ẹbí ni, kí wọ́n jẹ́ kí ó parí síhìn-ín. Lateefah mi orí pé rárá. Ó ní bí garawa bẹntiróòlù yẹn bá ti dé gáà, òkú tí àwọn ì bá máa kà lálẹ́ yìí kò ní jẹ́ ti màlúù. Adájọ́ ni yóò gbọ́ ìyókù. Bàbá kò bá a jiyàn. Ó gbára lé ọ̀pá, ó di èjìká Sàkáríyà mú, àwọn méjèèjì sì rọra rìn dé ẹnu ọ̀nà lọ bá àwọn ọ̀dọ́. Ohun tó sọ fún wọn kò gùn: ọmọ òun ni, kì í ṣe ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n tú ká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Akínjídé ti ń wọ ọkọ̀ nígbà tó yíjú padà pe Tiwátọ́pẹ́. Ọmọ náà wá, ṣùgbọ́n ó dúró jìnnà díẹ̀ sí i.

"Abo dúdú tí ìwo rẹ̀ kan ṣẹ́ yẹn," Akínjídé wí, "yóò bí lọ́sẹ̀ yìí. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni ọmọ rẹ̀ fi máa ń wá. Má tètè fà á o. Jẹ́ kó tì í fúnra rẹ̀ ná, kí Sàkáríyà di orí rẹ̀ mú."

Tiwátọ́pẹ́ sún mọ́ ọn díẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu imú.

"Apá wo ló máa ń fi sùn?" ni ó bi í.

"Apá òsì. Bí ó bá fi ọ̀tún sùn, kò tíì tó àkókò."

Lateefah kò kán wọn lójú. Ó di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú ní ṣíṣí títí wọ́n fi sọ ọ́ tán.