Àṣìṣe Tó Wà Lórí Ìlà Ọgọ́fà

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ka orúkọ mẹ́fà jáde níwájú kíláàsì, ó sì pa ìwé ọwọ́ rẹ̀ dé. Ọkùnrin ni mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó ní àwọn ni ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà, àwọn ni yóò máa kọ́ bí a ṣe ń kọ púrógíráàmù sórí ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ fi ta ilé ìwé lọ́rẹ. Ó ní kí àwọn ọmọbìnrin má bínú, wọn yóò kọ́ ìwé títẹ̀, nítorí iṣẹ́ akọ̀wé kò ní wọ́n wọn ní ọ́fíìsì.

Kúbúrátù dìde. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, ó wà ní kíláàsì SS2 ní ilé ìwé kan ní ìlú Ọ̀yọ́. Ọdún 1988 ni. Láti ọdún méjì sẹ́yìn, kò sí ẹni tó ń gba máàkì ìṣirò tó tirẹ̀ nínú kíláàsì náà, Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé gan-an tó ń kọ́ wọn ní ìṣirò sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà," ó ní, "kí ni àwọn mẹ́fà yìí fi jù mí lọ?"

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé kì í ṣe èèyàn burúkú, ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí akẹ́kọ̀ọ́ máa bi í nídìí ọ̀rọ̀. Ó ní kí ó jókòó. Kúbúrátù kò jókòó. Ó ní bí kò bá sí àyè fún òun nídìí ẹ̀rọ, kí wọ́n yá òun ní ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá. Tíṣà rẹ́rìn-ín, ó fi ìwé náà lé e lọ́wọ́, ó ní kò sí ohun tí ìwé lè ṣe fún ẹni tí kò ní ẹ̀rọ. Ọlọ́runtóbi, tí wọ́n fi ṣe olórí ẹgbẹ́ náà, sọ ọ́ ní Ìyá Kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ yẹn. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, gbogbo ilé ìwé ló ti ń pè é bẹ́ẹ̀.

Igbá ni bàbá Kúbúrátù máa ń fín, lẹ́yìn ọjà Àkẹ̀sán. Ìdí iṣẹ́ bàbá rẹ̀ ló ti ń ka ìwé náà lójoojúmọ́ lẹ́yìn ilé ìwé. Orí kìíní nìkan, ẹ̀ẹ̀mẹta ló kà á kó tó yé e. Ohun tó yé e ni pé kọ̀ǹpútà kò mọ nǹkan kan. Ohun tí èèyàn bá kọ fún un ló ń ṣe, láti ìlà kan dé òmíràn, kò sì ní fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Bí èèyàn bá fẹ́ kó rántí iye kan, a óò fún iye náà ní àyè, a óò sì fún àyè náà ní orúkọ.

Kúbúrátù ṣa igbá kéékèèké mẹ́ta tó ti sán, tí bàbá rẹ̀ kò lè tà mọ́. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí wọn lára. Ó kọ púrógíráàmù sínú ìwé rẹ̀, ó wá ń fi ara rẹ̀ ṣe kọ̀ǹpútà. Bí ìlà kan bá ní kí a fi máàkì kún iye tó wà nínú T, yóò yọ bébà tó wà nínú igbá T, yóò ro ó pọ̀, yóò kọ iye tuntun, yóò sì jù ú padà sínú igbá. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí ọ̀sẹ̀ fi di oṣù.

Lọ́jọ́ kan, bàbá rẹ̀ bi í ohun tó ń ṣe. Ó ṣàlàyé fún un ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ó ní máàkì yóò máa wọlé, igbá yóò máa gbà á, ẹ̀rọ yóò sì padà sí ìlà òkè lọ béèrè òmíràn. Bàbá gbé ọ̀bẹ ìfíngbá rẹ̀ sílẹ̀.

"Ta ni yóò wá sọ fún un pé ó tó?"

Kúbúrátù wo ìwé rẹ̀. Kò sí ẹni tó sọ ọ́. Bí wọ́n bá gbé púrógíráàmù yẹn sínú ẹ̀rọ, yóò máa béèrè máàkì títí ayé ni. Bàbá rẹ̀ kò mọ lẹ́tà kan nínú ìwé, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, kò sí púrógíráàmù tí Kúbúrátù kọ tí kò kọ́kọ́ ṣàlàyé fún un. Ibi tí àlàyé bá ti ń lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu, ibẹ̀ gan-an ni àṣìṣe máa ń wà.

Nígbà tí ọlidé gígùn dé, ó lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó ń ta aṣọ ní Takie, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí ṣọ́ọ̀bù náà wà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo ní yàrá kan tí kọ̀ǹpútà méjì wà nínú rẹ̀. Ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣiṣẹ́ kọ̀ǹpútà ní Ìbàdàn kó tó padà sílé, àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ló sì ń kọ́. Ọjọ́ kejì tí Kúbúrátù dé, ó mú ìwé rẹ̀, ó gun òkè lọ bá a. Ọkùnrin náà ní òun kì í kọ́ ọmọ ilé ìwé. Kúbúrátù ní òun kò ní kí wọ́n kọ́ òun. Òun kàn fẹ́ kí wọ́n wò ó bóyá ohun tó wà nínú ìwé òun yóò ṣiṣẹ́ ni.

Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo ṣí ìwé náà díẹ̀díẹ̀. Ó bi í pé irú ẹ̀rọ wo ló ń lò. Kúbúrátù ní igbá ni. Ọkùnrin náà fa àga kan wá fún un.

Ọ̀kan nínú púrógíráàmù rẹ̀ ni Kúbúrátù tẹ̀ sínú ẹ̀rọ, ìka kan ló sì fi tẹ̀ ẹ́. Kò ṣiṣẹ́. Ó ní ó jọ pé ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́.

"Ẹ̀rọ náà ti sọ ohun tó ń ṣe é," Ọ̀gbẹ́ni Ọlọ́runṣògo dá a lóhùn. "Ìwọ ni o kò kà á."

Lóòótọ́, ó wà lójú tẹlifíṣọ̀n tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ náà pé àṣìṣe wà lórí ìlà ogójì. Àmì kékeré kan ló gbàgbé níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin ló lò níbẹ̀, ọkùnrin náà kò sì bá a fọwọ́ kan ẹ̀rọ rí. Bí Kúbúrátù bá kọ ọgbọ̀n ìlà kó tó dán an wò, yóò ní kó pa gbogbo rẹ̀ rẹ́, kó kọ mẹ́ta, kó dán mẹ́ta wò, kó tó kọ mẹ́ta mìíràn. Bí nǹkan bá bàjẹ́, ohun kan ṣoṣo ló gbọ́dọ̀ yí padà lẹ́ẹ̀kan, nítorí ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà kò ní mọ èwo ló wò ó sàn. Nígbà mìíràn, yóò gbé púrógíráàmù tí ẹlòmíràn kọ lé e lọ́wọ́, yóò ní kó sọ iṣẹ́ tí ìlà kọ̀ọ̀kan ń ṣe kó tó rí i lójú ẹ̀rọ. Ó tún kìlọ̀ fún un pé lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá, kó máa tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì, irú èyí tí a fi ń gbọ́ orin, nítorí iná NEPA kì í dágbére. Ìyẹn ni Kúbúrátù kò kà sí. Ó rò pé ẹni tí púrógíráàmù rẹ̀ wà nínú ìwé kò ní nǹkan tó lè pàdánù.

Nígbà tí wọ́n wọlé padà ní Ọ̀yọ́, ọ̀gá àgbà ilé ìwé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kéde pé ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé ìwé, kọ̀ǹpútà ni yóò ka orúkọ àwọn mẹ́ta tó gba máàkì jù nínú gbogbo ẹ̀kọ́ pọ̀ ní SS2, tí wọn yóò sì fún ní ẹ̀bùn, lójú àwọn òbí àti àwọn tó fi ẹ̀rọ náà ta wọ́n lọ́rẹ. Ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà da púrógíráàmù kan kọ láti inú ìwé ìròyìn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, kò ṣiṣẹ́, kò sì sí ẹni tó lè tún un ṣe nínú wọn, nítorí kò sí ẹni tó mọ ohun tí ìlà kan ń ṣe níbẹ̀. Kúbúrátù lọ bá Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé pé òun ti kọ tòun. Tíṣà kò gbà. Kúbúrátù kọ lẹ́tà sí ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n jẹ́ kí òun dán tòun wò, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún sí ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni wọ́n fún un, ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ọ̀gá àgbà jókòó sẹ́yìn, ẹgbẹ́ kọ̀ǹpútà dúró yí ẹ̀rọ ká. Kúbúrátù tẹ̀, kò gbójú sókè. Ó fẹ́ kí gbogbo wọn rí bí ọwọ́ òun ṣe yá tó, kò sì dúró tọ́jú ìlà kankan sórí kásẹ́ẹ̀tì. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ló kù nígbà tí iná lọ. Ojú tẹlifíṣọ̀n dúdú. Gbogbo ohun tó ti tẹ̀ ló parẹ́.

Àwọn ọmọkùnrin bú sẹ́rìn-ín. Ọlọ́runtóbi ní kí Ìyá Kọ̀ǹpútà dìde lórí àga ẹgbẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé ní àkókò ti tán.

Kúbúrátù kò dìde.

"Iná ló lọ, sà. Ọpọlọ mi ò lọ. Tí iná bá dé, màá tún un tẹ̀. Tó bá tún lọ, màá tún un tẹ̀."

Tíṣà ní ìwà àfojúdi nìyẹn, kó jáde. Ọ̀gá àgbà sọ̀rọ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó bi Kúbúrátù pé ìṣẹ́jú mélòó ló nílò.

"Ogójì, mà. Ó yẹ kí n ti máa tọ́jú rẹ̀ sórí kásẹ́ẹ̀tì láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi, mo kọ etí dídi sí i. Àṣìṣe tèmi nìyẹn, ṣùgbọ́n kò sọ púrógíráàmù mi di èyí tí kò dára."

Ọ̀gá àgbà ní kó padà wá lọ́jọ́ kejì.

Ní ọjọ́ Ẹtì, iná wà. Ó tẹ̀, ó sì ń tọ́jú rẹ̀ lẹ́yìn ìlà mẹ́wàá mẹ́wàá. Ó kó máàkì àwọn ogójì akẹ́kọ̀ọ́ sínú rẹ̀ láti inú rẹ́jísítà. Nígbà tó tẹ bọ́tìnnì tó gbẹ̀yìn, orúkọ mẹ́ta jáde, ìkíní, ìkejì, àti ìkẹta. Kúbúrátù fúnra rẹ̀ ni ìkẹta, pẹ̀lú máàkì 612. Ọ̀gá àgbà pàtẹ́wọ́, ó na ọwọ́ sí i láti bọ̀ ọ́. Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé wolẹ̀.

Kúbúrátù wo iye náà. 612. Ó rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì lòun tẹ̀ ẹ́. Ẹlòmíràn tó gba iye náà ni Ọlọ́runtóbi, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ ló wà lẹ́yìn nínú rẹ́jísítà, nítorí náà ẹ̀rọ náà ti sọ ọ́ di ẹni kẹrin, ẹ̀bùn kò sì sí fún ẹni kẹrin.

Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀. Ọlọ́runtóbi gan-an kò tíì mọ iye tó gbà. Kúbúrátù lè gba ìkíni náà, kó dákẹ́, kó tún un ṣe bí wọ́n bá tún fún un ní ẹ̀rọ. Ó sì lè má tún un ṣe rárá. Ó rántí orúkọ tí ọmọkùnrin náà sọ ọ́, ó rántí ẹ̀rín àná. Inú rẹ̀ sọ fún un pé ẹ̀san nìyẹn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà," ó ní, "ohun tó wà lójú ẹ̀rọ yẹn kò tọ̀nà. Èmi àti Ọlọ́runtóbi la jọ ṣe ìkẹta."

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé gbórí sókè, ó ní ohun tí òun ti ń sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, pé iṣẹ́ náà ju ọmọ yìí lọ.

Kúbúrátù yíjú sí i. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ẹni tó rí àṣìṣe náà lẹ ń bá wí, sà. Gbogbo wa la wà níbí. Ta ló tún rí i?"

Kò dúró de èsì. Ó pe púrógíráàmù rẹ̀ padà sójú tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá àgbà ní ìlà kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe fún bàbá rẹ̀. Nígbà tó dé ìlà ọgọ́fà, ọ̀rọ̀ lọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Ìlà náà ló ní kí ẹ̀rọ dúró bó bá ti ka èèyàn mẹ́ta tán. Kò ní kó wo ẹni tó tẹ̀ lé e bóyá máàkì wọn dọ́gba. Ó yí ìlà yẹn nìkan padà, kò fọwọ́ kan òmíràn. Ó tún tẹ bọ́tìnnì. Orúkọ mẹ́rin jáde, 612 sì wà níwájú méjì nínú wọn.

Ọlọ́runtóbi sún mọ́ ẹ̀rọ, ó ka orúkọ ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló béèrè, pẹ̀lú ohùn tí Kúbúrátù kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí, pé báwo ló ṣe mọ ibi tí yóò wá a sí.

Ọ̀gbẹ́ni Káyọ̀dé kò tọrọ àforíjì lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ àjọ̀dún, nígbà tí ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́ béèrè ẹni tó kọ púrógíráàmù náà, òun fúnra rẹ̀ ló nawọ́ sí Kúbúrátù. Ó ní kó wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà. Kúbúrátù ní òun yóò dara pọ̀ bí ẹgbẹ́ náà bá gba gbogbo ọmọbìnrin tó bá fẹ́ kọ́ ọ. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, ọmọbìnrin mẹ́sàn-án ló wọlé.

Ohun tó sọ fún àwọn mẹ́sàn-án náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni ó yẹ kí gbogbo ọ̀dọ́ tó ń kọ́ iṣẹ́ mú lọ. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá sọ pé ohun kan kì í ṣe tìrẹ, má dúró bá a jiyàn títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, lọ kọ́ ọ. Fi ohun tó bá wà lọ́wọ́ rẹ bẹ̀rẹ̀. Jà fún iṣẹ́ rẹ, má ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lé ọ dìde nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n má ṣe jà fún àṣìṣe rẹ. Bí o bá rí i, ìwọ ni kó o kọ́kọ́ sọ ọ́, kó o sì tún un ṣe lójú gbogbo ayé.