Nọ́ńbà Tí Rísíkàt Yá Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

"Fún mi ní waifáì yín jàre," ni Fẹ́rànmí wí, ó sì gbé táblẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ka orí káńtà. "Fíìmù mẹ́ta péré ni mo fẹ́ gbà sílẹ̀."

Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni. Àwọn ọ̀rẹ́ méjèèjì ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé ẹ̀kọ́ dé, yúnífọ́ọ̀mù ṣì wà lọ́rùn wọn. Ìyá Rísíkàt, ọmọ Ìlọrin tó ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé ní Lugbe, ti lọ ra pépà lọ́jà, ó sì fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún ọmọ rẹ̀.

"Kì í ṣe pé mi ò fẹ́," ni Rísíkàt dáhùn. "Bọ̀dá Bánjọ ti ti gbogbo ẹ̀ pa. Ẹ̀rọ tí kò bá ti ní nọ́ńbà tiẹ̀ kò lè wọlé."

Òótọ́ ló sọ. Bánjọ ni oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó so gbogbo ẹ̀rọ ṣọ́ọ̀bù náà pọ̀. Ó fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní nọ́ńbà tí kì í yí padà, èyí tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní IP: kọ̀ǹpútà mẹ́rin, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan, àti kámẹ́rà òkè ilẹ̀kùn tí Ìyá Rísíkàt rà lẹ́yìn tí olè gbé jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ lọ. Bánjọ kọ àwọn nọ́ńbà náà sára páálí, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Nígbà tó rí i pé orí Rísíkàt pé, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń tò wọ́n.

"Bí nọ́ńbà ojúlé ni," ló sọ fún un lọ́jọ́ náà. "Bí ilé méjì bá ń jẹ́ ojúlé kẹwàá ládùúgbò kan, èwo ni kí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ yà sí? Má fún ẹ̀rọ méjì ní nọ́ńbà kan ṣoṣo láéláé o."

Fẹ́rànmí rẹ́rìn-ín. "Ìwọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀gá kọ̀ǹpútà ní kíláàsì! Gbogbo wọn ti wo àwọn fíìmù yẹn, èmi nìkan ló kù. Àbí o kàn ń fọ́nnu lásán ni?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Rísíkàt lára. Ó wo páálí ara ògiri. Bó bá mú nọ́ńbà kọ̀ǹpútà, oníbàárà lè dé nígbàkigbà. Bó bá mú ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, iṣẹ́ á dúró. Ti kámẹ́rà ńkọ́? Ta ló ń wo kámẹ́rà? Láti oṣù méje tí wọ́n ti gbé e kọ́, kò sí ẹni tó tíì bèèrè ohun tó rí.

"Wákàtí kan péré o," ló wí. Ó tẹ nọ́ńbà kámẹ́rà sínú táblẹ́ẹ̀tì ọ̀rẹ́ rẹ̀, fíìmù sì bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé. Fẹ́rànmí pàtẹ́wọ́.

Bàbá arúgbó kan wà tó ń tún bàtà ṣe níwájú ṣọ́ọ̀bù wọn. Ṣítù lorúkọ rẹ̀, Bàbá Ṣítù ni wọ́n ń pè é, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni. Nígbà tí Rísíkàt wà ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, òun ló máa ń dì í lọ́wọ́ mú sọdá títì lárààárọ̀. Bàbá yọjú sínú ṣọ́ọ̀bù.

"Rísíkàt, ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun, bàbá. Ẹ ṣeun, sà."

"Ó dáa. Mo fẹ́ ra omi lódìkejì. Ẹ bá mi fojú sí àpótí mi."

Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí wọ́n fi gbọ́ tí táyà ọkọ̀ kan han gooro. "Kai! Kai!" ni ọkùnrin tó ń ta tòmátì lódìkejì ń pariwo. Jíìpù kan ti gbá Bàbá Ṣítù, kò sì dúró; ó kọrí sọ́nà pápákọ̀ òfurufú, ó sá lọ. Rísíkàt sáré jáde, ó bá bàbá nílẹ̀, fìlà rẹ̀ láàárín títì. Ẹnì kan ní dúdú ni jíìpù náà, ẹlòmíì ní aláwọ̀ aró ni. Kò sí ẹni tó ka nọ́ńbà rẹ̀.

Ọjọ́ méjì ni bàbá lò ní ilé ìwòsàn. Lọ́sàn-án Sátidé, ó dákẹ́. Wọ́n kírun sí i lára lẹ́yìn Àsárì, wọ́n sì sin ín. Ní ẹnu ọ̀nà ibi ìsìnkú ni Fẹ́rànmí ti fa Rísíkàt sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Èmi àti ìwọ nìkan la mọ̀ nípa nọ́ńbà kámẹ́rà yẹn," ló sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Jọ̀ọ́, panu mọ́."

Rísíkàt panu mọ́.

Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Àlímátù, ọmọ kan ṣoṣo tí bàbá bí, tó ń ṣe tíṣà ní Kwali, wọ ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú ọlọ́pàá kan. Ìyá Rísíkàt gbá a mọ́ra.

"Nu ojú ẹ, ọmọ mi. Ibi tó ti ṣẹlẹ̀ gan-an ni kámẹ́rà wa kọjú sí. A máa rí nọ́ńbà ọkọ̀ náà, láṣẹ Ọlọ́run."

Bánjọ tí wọ́n ránṣẹ́ pè ló ṣí ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àwòrán kámẹ́rà. Wọ́n rí Bàbá Ṣítù níbi tó ti ń rán bàtà, tó ń kí àwọn tó ń kọjá. Àlímátù na ọwọ́, ó fi ìka kan ojú bàbá rẹ̀ lára gíláàsì. Lójijì, gbogbo rẹ̀ ṣókùnkùn. Nígbà tí àwòrán padà dé, títì ti dá.

"Bánjọ, irú iṣẹ́ wo lo ṣe fún mi yìí?" ni Ìyá Rísíkàt fìbínú bèèrè.

"Mà, kò yé mi. Kò ṣe bẹ́ẹ̀ rí."

Ọlọ́pàá wò ó tẹ̀gàntẹ̀gàn. "Wákàtí yẹn nìkan ló kú? Ta ló ní kó o pa á rẹ́? Ó yá, jẹ́ ká lọ sí àgọ́."

Àwọ̀ ojú Bánjọ yí padà. Rísíkàt wò ó, ó wo ìyá rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ gbì.

"Ẹ má mú Bọ̀dá Bánjọ. Èmi ni. Mo fún táblẹ́ẹ̀tì Fẹ́rànmí ní nọ́ńbà kámẹ́rà. Ẹ̀rọ méjì ń jẹ́ orúkọ kan, kámẹ́rà ò sì ráyè fi àwòrán ránṣẹ́ mọ́. Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wá a."

Ìyá rẹ̀ ká ọwọ́ lérí, ó jókòó sílẹ̀. Bánjọ ní, "Ṣebí mo sọ fún ẹ, Rísíkàt," omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

Àlímátù ló sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn. Kò pariwo rárá.

"Dìde. Kì í ṣe ìwọ lo pa bàbá mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó pa wọ́n ń wakọ̀ kiri ìlú yìí lónìí, a ò sì mọ̀ ọ́n." Ó wé gèlè rẹ̀ le, ó jáde lọ.

Rísíkàt àti ìyá rẹ̀ lọ sí Kwali fún àdúà ọjọ́ kẹjọ. Àlímátù gbà wọ́n tọwọ́tẹsẹ̀, ó fún wọn lóúnjẹ, ṣùgbọ́n kò lè wo ojú Rísíkàt. Bánjọ kò bínú púpọ̀, síbẹ̀ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan mọ́. Wọn ò rí awakọ̀ náà títí di òní.

Àwọn àgbà ní gbogbo ọlọ́gbọ́n péjọ, wọn ò rí ẹbọ àbámọ̀ ṣe. Rísíkàt sọ òótọ́, òótọ́ rẹ̀ sì gba aláìṣẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò lè dá wákàtí kan yẹn padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ọ̀rẹ́ bá ń fi ẹ̀gàn tì yín ṣe ohun tí wọ́n ti kìlọ̀ fún yín, ẹ kọ̀ fún un. Ohun tí wọ́n fi ṣọ́ yín, ẹ ṣọ́ ọ, bó ti wù kó kéré lójú yín tó. Ẹ ò mọ ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀, tàbí ẹ̀tọ́ rẹ̀, rọ̀ mọ́ ọn.